Bí Àwo Piezo àti Preamp Àfọwọ́ṣe Ṣe Ń Gbé Ohùn Agídìgbo àti Gìtá Jáde

Níbi ìgbéyàwó tàbí ìdúpẹ́ tí wọ́n bá ṣe ní ìta gbangba ní Kàbà, Ìsánlú tàbí ibòmíràn ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogí, ohùn agídìgbo kì í pẹ́ sọnù. Àpótí onígi ni agídìgbo, irin pẹlẹbẹ mélòó kan ni wọ́n so mọ́ ojú rẹ̀, ìka ni wọ́n sì fi ń ta á. Bó ti wù kí ọwọ́ onílù náà le tó, kò lè bá ìlù, èrò àti jẹnẹrétọ̀ du ariwo. Bí wọ́n bá gbé máìkì sí iwájú rẹ̀, gbogbo ohun tó wà nítòsí ni máìkì náà yóò kó mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe ohun èlò orin fúnra wọn fi ń lẹ àwo piezo mọ́ ara àpótí. Àwo yìí kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ohun tó ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Gbígbọ̀n pákó ló ń gbọ́. Bí ẹnìkan bá dúró tì í tó kí wọn pé "Òkun o", sípíkà kò ní dáhùn, ṣùgbọ́n bí èékánná bá ha ojú pákó náà lásán, yóò dún bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù.

Ohun tó ń já ọ̀pọ̀ ènìyàn kulẹ̀ ni pé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lẹ àwo náà tán tí wọ́n sì ki wáyà rẹ̀ bọ míkísà tààrà, ohùn tó ń jáde a máa tínrín, a máa ta létí bí ìgbà tí ọmọdé ń lu agolo mílíìkì. Wọn a ní àwo náà kò dára, wọn a jù ú nù, wọn a lọ wá òmíràn, èyí tuntun náà a sì tún dún bákan náà. Àwo náà kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ẹnu tí wọ́n ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ni kò bá a mu, ọ̀ràn yìí ló sì gba àlàyé jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Ìpele méjì ni àwo piezo ní. Èkíní jẹ́ idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó rí róbótó; èkejì jẹ́ amọ̀ sísun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àárín idẹ náà, tí wọ́n sì fi fàdákà tín-ín-rín kun ojú rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù fẹ̀ tó mìlímítà 27. Amọ̀ yìí kì í ṣe irú èyí tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò: òjé, zirconium àti titanium wà nínú rẹ̀, ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti fi agbára iná mú kí inú rẹ̀ kọjú sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Ní ọdún 1880 ni Pierre Curie àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Jacques, ní ilẹ̀ Faransé, fi hàn pé bí wọ́n bá tẹ àwọn òkúta dídán kan bíi quartz, iná mànàmáná a máa yọ lójú wọn. Ohun kan náà ni àwo òde òní ń ṣe: bí pákó bá tẹ̀ ẹ́ síwájú, iná díẹ̀ a yọ, bí pákó bá fà á padà, iná a tún yọ, ṣùgbọ́n yóò yí ojú padà. Bákan náà, bí wọ́n bá fún àwo náà ní iná, òun fúnra rẹ̀ a gbọ̀n, a sì dún. Nítorí náà ni a fi ń rí i nínú ohun ìṣeré ọmọdé tó ń pariwo, nínú aago tó ń jí ènìyàn, nínú UPS tó máa ń ké nígbà tí iná bá lọ. Ẹni tó bá mọ àwọn tó ń tún rédíò ṣe lójà lè rí i gbà láti inú àwọn òkú ẹ̀rọ tí wọ́n kó jọ sábẹ́ tábìlì, kò sì níláti retí kí ẹnikẹ́ni bá a rà á wá láti Èkó.

Iná tó ń yọ lára àwo yìí lè ga ní fólútì, ṣùgbọ́n kò pọ̀. A lè fi í wé omi tó ń sun sínú igbá kékeré. Bí igbá náà bá di dáadáa, omi yóò dúró títí ẹni tó fẹ́ wọn ọ́n yóò fi wọn ọ́n. Bí ìdí igbá bá lu, omi yóò ti jò tán kí onítọ̀hún tó bẹ̀rẹ̀. Ẹnu tí a ki wáyà bọ̀ lára míkísà ni ihò yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹnu míkísà tí wọ́n ṣe fún ohùn tó ń ti ara ẹ̀rọ mìíràn wá jẹ́ nǹkan bíi 10,000 ohm (ohm ni ìwọ̀n bí nǹkan ṣe ń dènà iná: bí ó bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe tóbi tó), ihò ńlá gbáà sì nìyẹn lójú àwo piezo. Àwo onímìlímítà 27 máa ń gba iná tó tó 20 nF (nanofarad, ìwọ̀n iná tí nǹkan lè gbà sí ara) sí ara. Bí a bá fi 10,000 ohm lọ́nà 20 nF, ohun tí a óò rí ni ìdá 0.2 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan: láàárín àkókò tó kúrú tó bẹ́ẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú iná náà ti jò lọ. Okùn gìtá tó nípọn jù ń gbọ̀n ní ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà gbígbọ̀n kan ṣoṣo gbà á tó ìdá 12 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Kí okùn náà tó lọ kó tó bọ̀, igbá ti gbẹ. Àwọn ohùn òkè tó ń yára lọ tó ń yára bọ̀ nìkan ni wọ́n wọn kí omi tó jò tán, àwọn nìkan náà ni sípíkà sì rí sọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣírò rẹ̀ lọ́nà mìíràn yóò rí i pé, pẹ̀lú 10,000 ohm, gbogbo ohùn tó bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 800 Hz (gbígbọ̀n 800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) ni yóò máa dín kù, ohùn okùn gìtá tó nípọn jù, tó wà ní 82 Hz, yóò sì kù ní ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ẹnu tó gba wáyà náà bá jẹ́ mílíọ̀nù kan ohm, ààlà yẹn yóò sọ̀ kalẹ̀ sí 8 Hz, níbi tí etí ènìyàn kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan mọ́, gbogbo ohùn ohun èlò náà yóò sì wọlé ní pípé. Àwọn àgbà ní bí òwe bí òwe là ń lu agídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Bí àwọn irin gígùn tó ń ké nísàlẹ̀ bá ti dákẹ́, ìdajì òwe náà ti sọnù kó tó dé etí ọ̀mọ̀ràn.

Iṣẹ́ preamp, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń so sáàárín àwo àti míkísà, nìyí. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ńṣe ló ń mú kí ohùn pariwo sí i, èrò yẹn kò sì jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọ dáadáa. Èyí tó rọrùn jù lọ kò fi ohunkóhun kún fólútì tó wọlé. Ó tilẹ̀ máa ń dín in kù díẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gba ohùn lọ́wọ́ àwo láìjẹ́ kí ó jò, ó sì ń fi agbára bátìrì tì í jáde débi tí ẹnu míkísà tó jẹ́ 10,000 ohm kò fi ní lè pa á lára.

Tíráńsítọ̀ kan ṣoṣo tó jẹ́ irú JFET, bíi 2N5457, tó láti ṣe é. Ẹsẹ̀ mẹ́ta ló ní, tí wọ́n ń pè ní gate, drain àti source; bí wọ́n ṣe tò wọ́n lè yàtọ̀ láti orí irú kan sí òmíràn, nítorí náà kí a yẹ nọ́ńbà ara rẹ̀ wò kí irin gbígbóná tó kàn án. Ẹsẹ̀ drain ń lọ tààrà sí ẹnu rere bátìrì oní-fólútì 9. Láti ẹsẹ̀ source, rẹsístọ̀ (ohun tó ń dènà iná) 10,000 ohm ń lọ sí ẹnu òdì bátìrì, ìyẹn ojú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń pè ní áàtì. Rẹsístọ̀ méjì tó jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 ohm ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀ gate, ọ̀kan sí ẹnu rere, ọ̀kan sí áàtì, kí ẹsẹ̀ náà lè dúró ní agbedeméjì, ní nǹkan bíi fólútì 4.5. Nítorí pé ọ̀nà méjì ni iná lè gbà jò, àwọn méjèèjì pọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 1.1 ohm lójú àwo, èyí sì tó. Ìdí tí a fi ń gbé gate dúró ní agbedeméjì ni kí ohùn lè ráyè gòkè kó sì ráyè sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ ní áàtì, ìgbà tí ọwọ́ bá le ni ohùn náà yóò fọ́. Àwo náà fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí iná bátìrì gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí náà kò sí ewu. Rẹsístọ̀ 10,000 ohm mìíràn wà láàárín àwo àti gate, torí pé ẹni tó bá fi òrùka tàbí ìkúùkù lu ẹ̀gbẹ́ àpótí lè mú kí fólútì tó pọ̀ bú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, rẹsístọ̀ yìí ni yóò sì dín agbára rẹ̀ kù kó má baà pa tíráńsítọ̀. Ohùn ń jáde láti ẹsẹ̀ source, ó ń gba kapásítọ̀ 10 µF kọjá sínú jáàkì, kí iná bátìrì má baà bá a lọ.

Nǹkan bíi ìdajì mílíámpù ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ. Bátìrì tó ní 500 mAh (ìyẹn mílíámpù 500 fún wákàtí kan) lè gbé e fún nǹkan bíi ẹgbẹ̀rún wákàtí, bí ẹni tó ni ín kò bá jẹ́ kó máa jẹ iná lásán. Ọgbọ́n tó dára nípa èyí ni láti lo jáàkì sítẹ́ríò, kí a so ẹnu òdì bátìrì mọ́ òrùka àárín rẹ̀. Nígbà tí wáyà gìtá lásán bá wọlé ni irin rẹ̀ yóò so òrùka yẹn pọ̀ mọ́ áàtì, nígbà tí wọ́n bá sì fà á yọ, bátìrì sinmi. Bátìrì sàn ju kí a fi ẹ̀rọ tó ń gba iná ilé gbé e lọ, nítorí iná yẹn a máa mú ìkùnsínú 50 Hz wọlé, ti jẹnẹrétọ̀ kékeré sì burú ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Wáyà jíjó mọ́ àwo ló ń pa àwo jù. Wọn a kọ́kọ́ fi sáńdípépà rọra ha etí idẹ, wọn a fi lẹ́ẹ̀dì (irin rírọ̀ tó ń yọ́ tí wọ́n fi ń so wáyà) díẹ̀ kun orí wáyà kó tó kan àwo rárá, wọn a sì jẹ́ kí irin gbóná dáadáa kí ó má baà pẹ́ lójú iṣẹ́. Lórí idẹ, kò sí wàhálà. Lórí fàdákà ni kí ọwọ́ ti yá: irin kan án, lẹ́ẹ̀dì yọ́, ó dán bí omi, irin kúrò, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì ni gbogbo rẹ̀. Bí irin bá dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ, fàdákà náà a ká kúrò bí ìpẹ́ ẹja, amọ̀ tó wà nísàlẹ̀ a sì yọjú, lẹ́ẹ̀dì kò sì ní dì mọ́ ibẹ̀ mọ́. Ooru tó pọ̀ tún lè mú kí amọ̀ náà gbàgbé ọ̀nà tí wọ́n kọjú rẹ̀ sí. Idẹ ló ń lọ sí áàtì, fàdákà ló ń gbé ohùn.

Wáyà tó ń ti àwo lọ sí preamp níláti jẹ́ irú ti máìkì, èyí tí àwọ̀n wáyà yí irin àárín rẹ̀ ká. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé gígùn wáyà yóò jẹ bèésì. Fún àwo ńlá bí èyí, mítà mẹ́ta kò já mọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Ìkùnsínú ni kí wọ́n bẹ̀rù. Ojú fàdákà tó ṣí sílẹ̀ ń ṣe bí eréàlì, nítorí náà a óò fi téèpù bò ó, a óò wá fi fọ́ìlì, irú èyí tí wọ́n fi ń wé mọ́ínmọ́ín, bo téèpù náà, a óò sì so fọ́ìlì yìí pọ̀ mọ́ áàtì. Lẹ́ẹ̀dì kì í mú fọ́ìlì yẹn. Kí a ki ìhòhò wáyà sábẹ́ rẹ̀ kí a sì dè é mọ́lẹ̀ ló dára.

Ibi tí àwo yóò wà ni etí níláti yàn. Nínú gìtá, abẹ́ ibi tí okùn gbé ara lé pákó, ní inú lọ́hùn-ún, ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Lára agídìgbo, ó jẹ́ ẹ̀yìn pákó ojú àpótí, nítòsí igi tí àwọn irin gùn. Bí ó bá súnmọ́ igi yẹn jù, ohùn a le koránkorán. Bí ó bá jìnnà jù, ohùn a wú, a sì máa rú pọ̀. Kí a fi téèpù mú un dání ní ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a ta irin gígùn jù àti èyí tó kúrú jù níbi kọ̀ọ̀kan, kí ẹlòmíràn jókòó ti sípíkà láti gbọ́, kí a sì fi pẹ́ńsù sàmì sí èyí tó dùn jù. Àwo tí kò sí lára nǹkan kan máa ń ké fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi 4,000 Hz, igbe yẹn sì lè gún etí. Bí a bá lẹ̀ ẹ́ gidigidi mọ́ pákó, tí a sì kán gúlù gbígbóná díẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, yóò rọlẹ̀. Súpà gúlù fẹ́lẹ́ dára ju téèpù onífóòmù lọ, nítorí fóòmù ń gbé gbígbọ̀n mì.

Bí sípíkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í hu, ohùn rẹ̀ ló ń gbọn àpótí padà. Kí wọ́n gbé sípíkà síwájú onílù, kí wọ́n fi aṣọ dí ihò àpótí díẹ̀, kí wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì tó ń gé ohùn ìsàlẹ̀ 80 tàbí 100 Hz kúrò bí ó bá wà lára míkísà.

Nígbà ọyẹ́, tí pákó bá gbẹ tó sì súnkì, gúlù a máa là ní etí àwo láìsí pé ojú rí i. Àmì rẹ̀ ni pé bèésì á kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ohun kan á máa gbọ̀n jẹ̀jẹ̀ bí eṣinṣin tó há sínú àpótí. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan preamp rárá, kí wọ́n fi ìka tẹ àwo náà mọ́ pákó kí wọ́n sì ta irin gígùn jù. Bí bèésì bá padà wá, gúlù ló là.