Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé e lọ: bí ìtàn isekai ṣe ń ṣiṣẹ́

Ẹni tó bá ti wo mẹ́ta sí mẹ́rin nínú àwọn anime, ìyẹn fíìmù àwòrán ilẹ̀ Japan, tí wọ́n ń pè ní isekai, kí òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ ló ti máa mọ bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà ní Japan, kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kò lọ́rẹ̀ẹ́, géèmù ló ń gbá láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ó yọjú síta láti ra nǹkan, ọkọ̀ akẹ́rù kan já wá, gbàù! Ìgbà tó máa lajú, iwájú òrìṣà obìnrin kan ló bá ara rẹ̀, ìyẹn sì ń bi í pé irú agbára wo ló fẹ́ mú dání lọ sí ayé tuntun. Ọkọ̀ yìí ti pa èèyàn débi pé àwọn tó ń wo anime ti sọ ọ́ lórúkọ, Truck-kun ni wọ́n ń pè é.

"Ayé mìíràn" ni isekai túmọ̀ sí lédè Japan. Ọ̀nà méjì ni wọ́n sì ń gbà débẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní tensei, èèyàn á kú ni, wọ́n á wá tún un bí síbẹ̀. Èyí tó ń jẹ́ ten'i, wọ́n á gbé e lọ láàyè, tòun taṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ ìtàn àkúdàáyà dàgbà kò ní yanu sí i, àfi pé àkúdàáyà ní láti máa sá fún ẹni tó mọ̀ ọ́n rí, nígbà tí akọni isekai kì í sábà pàdé ojúlùmọ̀ kankan.

Ìtàn ẹni tó rin ìrìn àjò lọ sí ayé mìíràn ti pẹ́ nílẹ̀ Japan. Àwọn àgbà wọn ń sọ ti Urashima Tarō, apẹja tó gun ẹ̀yìn ìjàpá omi lọ sí ààfin ìsàlẹ̀ òkun. Nígbà tó padà dé ìlú rẹ̀, ọdún ti gorí ọdún, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Nínú Magic Knight Rayearth, manga (ìwé ìtàn tí wọ́n fi àwòrán sọ) tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1993, ọmọ ilé ìwé mẹ́ta ni wọ́n gbé lọ sí ayé mìíràn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ parí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ pè wọ́n kí wọ́n tó lè padà sílé. Ọ̀rọ̀ ilé ló gba ọkàn irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ti ilẹ̀kùn ilé pa: ẹni tó ti kú kò ní ibi tó ń padà sí, ìtàn rẹ̀ sì lè máa lọ títí ayé. Lójú tèmi, iṣẹ́ gidi tí ọkọ̀ yẹn ń ṣe nìyẹn.

Àmọ́ ta ló fẹ́ ìtàn tí kò ní í parí? Ìkànnì kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2004 ni ká bi. Shōsetsuka ni Narō lorúkọ rẹ̀, ìyẹn "Ẹ jẹ́ ká di òǹkọ̀wé". Ẹnikẹ́ni lè gbé ìtàn síbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Kíkà rẹ̀ náà, ọ̀fẹ́ ni. Díẹ̀díẹ̀ ni òǹkọ̀wé ń gbé e síta, orí kan lónìí, orí kan lọ́la. Bí òǹkàwé bá fi ìtàn kan pa mọ́ síbi tó ti máa tètè rí i, òǹkọ̀wé gba máàkì méjì. Bí ó bá tún fún un ní ìràwọ̀, ìyẹn lè tó mẹ́wàá. Máàkì yìí ni wọ́n fi ń to ìtàn láti òkè délẹ̀, èyí tó bá sì wà lókè lojú máa kọ́kọ́ bà. Ẹni tó bá lo orí mẹ́wàá láti ṣàlàyé ìlú àti ọba àti odò, àwọn òǹkàwé á ti bá tiwọn lọ. Ojú ìwé kan péré ni ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà.

Ayé tuntun náà kò sì gba àlàyé. Láti 1986 tí géèmù Dragon Quest ti jáde làwọn ọmọ Japan ti mọ ọba ẹ̀mí èṣù, akọni tó ń gba ìpele kan dé èkejì, àti slime, ẹran abàmì kékeré tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú kúrò nínú ewé. Ìyẹn ni akọni ṣe lè pàṣẹ kí pátákó kan yọ lójú afẹ́fẹ́, kó kọ iye agbára rẹ̀ sí i, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í pé báwo.

Ẹ wo bí ìtàn slime tí òǹkọ̀wé kan, Fuse, gbé sórí ìkànnì yẹn lọ́dún 2013 ṣe lo àǹfààní yìí. Wọ́n gún Mikami Satoru, ẹni ọdún 37, lọ́bẹ lójú títì. Bó ṣe ń kú lọ, ó ń rò ó pé ara òun ń gbóná, ohùn kan sì sọ pé ó ti gba ẹ̀bùn tí ooru ò fi ní ràn án. Ó rò ó pé òtútù ń mú òun, ohùn náà tún fún un ní ti òtútù. Ó rántí pé bí ẹ̀jẹ̀ bá tán lára, èèyàn á kú, ohùn yẹn wá lọ ṣètò ara tí kò nílò ẹ̀jẹ̀. Ó lajú, ó ti di slime. Kò tíì ṣe nǹkan kan o, a sì ti mọ ohun tó lè ṣe.

Àkọlé gígùn tí irú ìtàn yìí máa ń ní náà, inú ìkànnì yìí ló ti gbilẹ̀. Nínú àtòjọ, àkọlé lojú ń rí, nítorí náà àkọlé gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹjọ́. Àṣà ọkọ̀ akẹ́rù náà wá di ohun tí wọ́n ń fi ṣẹ̀fẹ̀: nínú KonoSuba, ìtàn isekai aláwàdà kan, akọni rẹ̀, Kazuma, rò pé ọkọ̀ akẹ́rù fẹ́ pa ọmọbìnrin kan, ó sáré tì í kúrò lọ́nà, katakata oko tó ń rọra bọ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ìpayà ló pa á. Nígbà tó di 2016, isekai ti gba òkè àtòjọ débi pé àwọn tó ni ìkànnì náà yà á sọ́tọ̀, kí ìtàn yòókù lè rí afẹ́fẹ́ mí.

Àwọn atẹ̀wétà ò ní wahala púpọ̀: ìtàn tó ti lérò lẹ́yìn ni wọ́n ń mú. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ ní ìwé kékeré tó ṣeé kì bọ àpò, àwòrán díẹ̀ nínú rẹ̀, òun ni light novel. Manga á tẹ̀ lé e. Tó bá tà, ilé ìtẹ̀wé, tẹlifíṣọ̀n, ilé iṣẹ́ orin àti àwọn mìíràn á dáwó jọ, wọ́n á ṣe anime tó ní apá 12 tàbí 13. Ẹni tó ń bínú pé anime kò parí, owó ìwé ni wọ́n ń fi ọgbọ́n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń rí nìyí títí ó fi kan ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu lójú títì. Irú ẹ̀rọ yẹn wó pa á, ló bá di ẹ̀rọ náà nínú ayé mìíràn. Kò lè rìn. Ohun tí ẹ̀rọ ń sọ nìkan ló lè sọ: "Ẹ káàbọ̀" ni bẹ́ẹ̀ ni, "Ó mà ṣe o" ni rárá. Ọmọbìnrin alágbára kan, Lammis, ló gbé e pọ̀n. Lọ́dún 2023 ni ìtàn rẹ̀ dórí tẹlifíṣọ̀n, sáà kejì rẹ̀ dé lọ́dún 2025, ẹ̀yìn Lammis náà ló ṣì wà.