Ìṣirò Ìdúródeni, Kì í Ṣe "Ìmọ̀ Ìlà"

Ìmọ̀ tí a fi ń mọ iye òṣìṣẹ́ tó yẹ kó jókòó ti fóònù ní kọ́sítọ́mà kíà, ìṣirò ìdúródeni ni mo ń pè é, n kò sì ní yí i padà. Àwọn kan ń kọ "tíọ́rì kíù", èyí tí ò yé ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń kọ "ìmọ̀ ìlà". Ìlà wo? Ìlà ojú ni àbí ìlà fóònù? Iṣẹ́ tó jẹ́ pé ìlà fóònù gan-an la fẹ́ kà, ẹ tún fi orúkọ kan náà pe àwọn tó ń dúró! Ẹni tó pe kọ́sítọ́mà kíà ò tò sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tó rí. Orin ló ń gbọ́ létí, ó ń dúró de ẹni tí yóò dá a lóhùn. Ìdúró yẹn là ń ṣírò.

Ẹ wo ọjà ẹja Olúwo níbí ní Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ àwọn obìnrin tó ń bá èèyàn ha ìpẹ́ ẹja. Ká ní oníbàárà 100 ń gbé ẹja wá ní wákàtí kan, tí ẹja kọ̀ọ̀kan ń gba ìṣẹ́jú 3. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 300 nìyẹn. Aláìmọ̀ṣirò á ní obìnrin 5 ti tó. Kò tó. Èrò kì í wá létòlétò: ọkọ̀ kan á já èèyàn 7 sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tó bá yá, ọ̀bẹ á tún wà lásán. Àkókò tí ọ̀bẹ fi wà lásán ò sì ṣe é tọ́jú de ìgbà tí èrò bá dé.

Agner Krarup Erlang, ará Denmark tó bá ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù Copenhagen ṣiṣẹ́, ló fìdí ìṣirò yìí múlẹ̀ lọ́dún 1909 àti 1917. Fún ipè 100 oníṣẹ́jú 3 ní wákàtí kan, bí òṣìṣẹ́ bá jẹ́ 6, olùpè á dúró bí ìṣẹ́jú-àáyá 106 ní ìpíndọ́gba. Bí wọ́n bá jẹ́ 7, ó di 29. Bí wọ́n bá jẹ́ 8, ó di 10. Ẹni keje nìkan gé ìdúró kù ju ìṣẹ́jú kan lọ! Síbẹ̀, òun gan-an lọ̀gá máa ń kọ́kọ́ lé, torí ó rí i tó jókòó láìṣe nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ iye ìlà fóònù tó yẹ ò gùn. Ẹni tó ń gbọ́ orin náà di ìlà kan mú, nítorí náà ìlà gbọ́dọ̀ pọ̀ ju òṣìṣẹ́ lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá kún, ẹni tó bá tún pè kò ní rí àyè wọlé rárá. Erlang ní ìṣirò mìíràn fún ìyẹn.