Ohun Tó Ń Fa Ìrora Ìbàdí fún Àwọn Tó Ń Sáré ní Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta kì í ṣe ìlú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ń sáré láàárọ̀ ní agbègbè Ìtòkú àti Aké, tàbí nítòsí Àpáta Olúmọ, yóò gun òkè, yóò tún sọ̀ kalẹ̀, kó tó rí ibi títẹ́jú tí yóò ti mí délẹ̀. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ìrora kan ti máa ń mú àwọn asáré ní ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn, lápá kan ìdí, níbi tí ènìyàn lè fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí. Àwọn mìíràn a pè é ní ọ̀pá ẹ̀yìn tàbí jẹ̀díjẹ̀dí, wọn a sì wá àgbo mu sí i. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé eré sísá ló ń ru ú sókè, oríkèé ìbàdí ló yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí.

Méjì ni oríkèé yìí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, eegun 5 lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan, ó há sáàárín eegun ìbàdí méjèèjì, ibi tí wọ́n ti pàdé sì ni oríkèé náà. Kò dà bí orúnkún tó ń ṣẹ́ tó ń nà. Mìlímítà díẹ̀ péré ló máa ń yẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti gba ìwúwo ara láti òkè, kó pín in fún ẹsẹ̀ méjèèjì. Nígbà tí ènìyàn bá sì ń sáré, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, agbára tí ilẹ̀ fi ń ta á padà a sì máa tó ìlọ́po 2 sí 3 ìwúwo ara rẹ̀.

Àwọn iṣan líle tó so eegun mọ́ eegun ló di oríkèé náà mú, ṣùgbọ́n wọn kò lè dá a ṣe. Ẹran ìdí apá ọ̀tún àti ẹran ẹ̀yìn apá òsì máa ń fa ara wọn ní ìdábùú lórí ìbàdí, bí ọ̀já tí ìyá fi gbọ́mọ pọ̀n. Bí ọ̀já bá dẹ̀, ọmọ á yọ̀ sísàlẹ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ á sì bọ́ sí ojú kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí fún ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ tàbí ìdí ọkọ̀ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tó wá sáré jìnnà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta: ẹran ìdí rẹ̀ á tètè rẹ̀, àwọn iṣan líle náà á sì máa dá ẹrù gbé títí wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dunni.

Sísọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lè le fún oríkèé yìí ju gígun lọ, nítorí pé ìṣísẹ̀ máa ń gùn, gìgísẹ̀ á balẹ̀ jìnnà síwájú, ara á sì máa dá ara rẹ̀ dúró ní gbogbo ìṣísẹ̀. Títì náà ní tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa ń dàgẹ̀rẹ́ sápá gọ́tà kí omi òjò lè ṣàn. Ẹni tó bá kọjú sí ọkọ̀ bó ṣe yẹ, apá òsì títì ni yóò wà lálọ àti lábọ̀, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ni yóò sì máa balẹ̀ síbi tó rẹlẹ̀ nígbà gbogbo. Kíkọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀ kì í ṣe àbáyọ, nítorí ewu ọkọ̀ ju ti ìbàdí lọ. Ó sàn kí a gbé díẹ̀ nínú eré náà lọ sí pápá tó tẹ́jú.

Dídùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kì í wo ìrora yìí, ńṣe ló ń sọ ẹran ìdí di aláìlágbára sí i. Kí a dín bí a ṣe ń sáré jìnnà tó kù, kí a fi òkè sílẹ̀ ná, kí a máa rìn, kí a sì jẹ́ kí ìṣísẹ̀ kúrú kó sì yá díẹ̀ sí i. Kí a fẹ̀yìn lélẹ̀, kí a ká orúnkún, kí a máa gbé ìdí sókè, kí a máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀; àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ara, máa ń fi irú èyí kọ́ni, ó sì máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó so èso. Lílo oògùn ìrora láti fi lè sáré léwu, nítorí pé ó ń bo ìkìlọ̀ ara mọ́lẹ̀, irú bí diclofenac sì lè dá egbò sínú ikùn.

Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọdọ̀ ka ìrora ìbàdí sí ti eré lásán, torí ẹ̀jẹ̀ lè má dé orí eegun itan mọ́, kí eegun náà sì máa kú. Obìnrin asáré tí nǹkan oṣù rẹ̀ dáwọ́ dúró nítorí àìjẹun tó lè ní eegun tó ti sán. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń rọ, bí abẹ́ bá kú tipiri, tàbí tí ìtọ̀ kò ṣeé dì mọ́, ilé ìwòsàn ni kí a gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.