Ariwo ṣéènì ẹ́ńjìnnì: bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé òun gan-an ló ń dún

Ariwo ṣéènì kì í fara pa mọ́ láàárọ̀ kùtù. Mọ́tò ti sùn síta mọ́jú, ọyẹ́ ti fẹ́ sí i, wọ́n yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sítáàtì, ó dún gbàràgbàrà bí ìgbà tí wọ́n ń mi ìṣó nínú agolo mílíìkì, kó tó pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ó ti dákẹ́. Ọ̀pọ̀ ní Àkúrẹ́ á ní ó ti lọ nìyẹn, wọ́n á wọ mọ́tò, ó di Ọjà Ọba. Kò lọ o.

Ṣéènì yìí ló so kránkì ìsàlẹ̀, irin tí písítìn ń yí, mọ́ káàmù òkè, irin tó ń ṣí fáàfù, kránkì á yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan. Tẹ́nṣọ́nà ló ń mú un le, nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló sì ń ti tẹ́nṣọ́nà náà. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti wà ní pípa mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn padà sísàlẹ̀, ṣéènì á dẹ̀, á máa gbá gáìdì, ìyẹn ohun tó ń tọ́ ọ sọ́nà, títí ọ́ìlì á fi dé. Tó bá wá ń dún títí ẹ́ńjìnnì fi gbóná, ó ṣeé ṣe kí ṣéènì ti gùn. Kò fà bíi rọ́bà o, àwọn píìnì inú ẹ̀ ló ti jẹ.

Torí náà ọ́ìlì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò, kí ẹnikẹ́ni má tíì tú nǹkan kan. Kí wọ́n fa géèjì yọ: ṣé ó pé, ṣé kò tíì dà bí ọ̀dà? Ẹ́ńjìnnì tí ìwé ẹ̀ ní kó mu 5W-30 (nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ki tó), tí wọ́n wá ń rọ 20W-50 sí torí pé "ó ki dáadáa", ọ́ìlì yẹn á pẹ́ kó tó dé òkè láàárọ̀. Fílítà gbàrọgùdù náà wà ńbẹ̀, rọ́bà inú ẹ̀ tó yẹ kó dá ọ́ìlì dúró ò ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n yọ fánbẹ́lítì, kí wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì díẹ̀, kó má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, torí lára ọ̀pọ̀ mọ́tò bẹ́lítì yẹn ló ń yí wọ́tà pọ́ọ̀mpù. Tí ariwo bá lọ, á jẹ́ pé ọtánétọ̀ tàbí bíárìn kan ni. Tó bá ṣì wà, wọ́n á gbé ẹnu síkírúdíráfà gígùn lé kọ́fà ṣéènì, wọ́n á fi ìdí igi ẹ̀ ti egungun iwájú etí, àmọ́ kí ọwọ́ àti aṣọ jìnnà sí bẹ́lítì o. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ pé ó ń ha. Tápẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń ti fáàfù, ní tiẹ̀ máa ń dún tíntín lókè, ti bíárìn kránkì sì wúwo, ó máa ń dún gbọ́ù gbọ́ù nísàlẹ̀, pàápàá tí mọ́tò bá gbé ẹrù gun òkè lọ́nà Ìdànrè.

Tí sìkánà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ kọ̀ǹpútà mọ́tò wò, bá mú kóòdù P0016 wá, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé káàmù àti kránkì ò bára wọn mu, àmọ́ sẹ́ńsọ̀ tó bàjẹ́ náà lè gbé e wá, kò yẹ kí wọ́n tìtorí ẹ̀ nìkan tú ẹ́ńjìnnì.

Tó bá ti wá dájú, kí wọ́n má fi falẹ̀ rárá, torí tí ṣéènì bá fo eyín, nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì písítìn á gbá fáàfù, fáàfù á tẹ̀. Ṣéènì, gáìdì, tẹ́nṣọ́nà àti gíà ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀ gbogbo ẹ̀, tuntun sì ni, kì í ṣe Bẹ́jíọ̀mù.