Orúnkún tó dákẹ́ kò tíì san

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará wa. Lọ́jọ́ kan ní Kabba, ọmọkùnrin kan àti ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Dífẹ́ndà ni, nọ́ńbà 5, ó ga gbọ̀ngbọ̀nràn, kíláàbù kan sì ti ń wá a kó máa gba owó oṣù lọ́dọ̀ wọn. Mo bi í pé ta ló gbá a lẹ́sẹ̀. Ó ní, “Dọ́kítà, ẹnì kankan ò fọwọ́ kàn mí.” Físíò ni mí, ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú oríkèé àti iṣan, n kì í ṣe dọ́kítà, ṣùgbọ́n ta ló máa ń gbọ́ nílé wa?

Ó ń sáré padà sẹ́yìn ni. Ẹni tó ń ṣọ́ yà sọ́wọ́ òsì lójijì, òun náà yí tẹ̀ lé e. Ara yí, ẹsẹ̀ ò yí. Ó gbọ́ “pọ̀!” nínú orúnkún, kí ilẹ̀ sì tó ṣú, orúnkún ti wú bí ọmọ àgbọn.

Ìró yẹn, pẹ̀lú wíwú tó yá kíákíá, kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Okùn iṣan kan wà ní àárín gbùngbùn orúnkún, ACL ni wọ́n ń pè é. Òun ló di ojúgun mú kó má yọ síwájú nígbà tá a bá dúró lójijì tàbí tá a yí. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń já fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tó gbáni. Bí ó bá já, ẹ̀jẹ̀ á kún inú oríkèé. Sítíráíkà mọ ibi tó ń lọ. Dífẹ́ndà ò mọ̀, ó kàn ń fi ẹsẹ̀ dáhùn ni. Ẹsẹ̀ tó ń dáhùn ló máa ń ṣèṣì yí.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ ọmọ yìí jẹ́ gan-an ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìyá rẹ̀ fi omi gbígbóná àti òrí ra orúnkún náà lálaalẹ́. Nígbà tó fi máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kò dùn ún mọ́. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ sóko. Àṣekágbá oṣù Kejìlá dé, wọ́n ní kó wá gbá a, ó sì gbá a. Orúnkún yẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lórí pápá. Lọ́jọ́ yẹn ni wáṣà rọ́bà tó wà láàárín eegun méjèèjì fàya. Ó tún yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó mú un wá, ó sì ti lé lọ́dún kan nígbà yẹn.

Mo ní kó dùbúlẹ̀, mo ká orúnkún rẹ̀ díẹ̀, mo fi ọwọ́ kan di itan mú, mo fi èkejì fa ojúgun síwájú. Ẹsẹ̀ tó dára dúró gbọin, bí ìgbà tí ewúrẹ́ sáré dé òpin okùn rẹ̀. Èkejì kò lópin. Ìyá rẹ̀ wo ojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan.

Owó àwọn gbajúmọ̀ agbábọ́ọ̀lù pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ ran orúnkún lọ́wọ́. Ledley King, balógun kíláàbù Tottenham ní ìlú Òyìnbó, eegun rírọ̀ inú orúnkún rẹ̀ kan jẹ tán débi pé kì í lè bá àwọn yòókù ṣe ìdánrawò láàárín ọ̀sẹ̀, kó ṣáà lè rí ẹsẹ̀ gbá ìdíje. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lọ́dún 2012, ọmọ ọdún 31. Matthias Sammer ti Jámánì, dífẹ́ndà tó gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù, lọ́dún 1996, iṣẹ́ abẹ orúnkún ni wọ́n ṣe fún un lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kòkòrò àrùn wọ̀ ọ́, kò padà sórí pápá mọ́. Àmọ́ Victor Boniface, ọmọ Àkúrẹ́, já ACL lẹ́ẹ̀mejì ní Norway, ó sì tún gba ife líìgì Jámánì lọ́dún 2024. Sítíráíkà ni ṣá.

Bí orúnkún ọmọ yín bá wú lórí pápá, ẹ mú píọ̀ wọ́tà tó ti dì, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e lé e fún ogún ìṣẹ́jú, ẹ gbé ẹsẹ̀ náà sókè. Kò gbọ́dọ̀ sí omi gbígbóná ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má ra á, ẹ má jẹ́ kí teguntegun fà á. Bí kò bá lè gbé ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó di dandan kí wọ́n ya eegun náà wò. Kì í ṣe gbogbo ACL ló ń fẹ́ iṣẹ́ abẹ. Àgbẹ̀ tí kì í sáré lè máa fi eré ìmárale gbé e. Ẹni tó fẹ́ tún gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ padà kí oṣù 9 tó pé. Bó bá sì pé, mo ṣì máa fi tépù télọ̀ wọn itan méjèèjì, màá ní kó fi ẹsẹ̀ kan fò. Bí ẹsẹ̀ tó já kò bá fò tó ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá èkejì, ó di ilé.

Nọ́ńbà 5 yẹn kò gba kọ́ńtíráàtì kankan. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ báyìí. Lóṣù tó kọjá, ó gbé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan wá lórí ọ̀kadà, píọ̀ wọ́tà dídì wà lórí orúnkún ọmọ náà, omi ń kán sílẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Dọ́kítà. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra á o.”