Ta ló ń bi mínísítà léèrè ní Sòmálíà?

Lẹ́yìn ìrun àṣárì, ilé tíì máa ń kún ní Mogadishu, ní Hargeisa, ní Eastleigh tó wà nílùú Nairobi, àti ní Minneapolis lọ́hùn-ún ní Amẹ́ríkà. Ọkùnrin mẹ́fà méje á yí tábìlì kan ká, ife tíì oníwàrà á wà níwájú wọn, ọ̀rọ̀ ìjọba ni wọ́n á sì máa fà bí ẹni ń fa okùn. Ohùn á ròkè débi pé àlejò á máa wojú ọ̀nà. Àwọn ará Sòmálíà ní orúkọ fún un: fadhi ku dirir, ká jókòó ká máa jagun. Ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ náà, èébú díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ gbọ́ wọn á rí i pé ìwọ̀n mẹ́ta ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lé. Ká ní mínísítà kan ni wọ́n ń sọ pé ó kówó jẹ. Ẹnì kan á béèrè pé ọmọ ta ni. Ẹlòmíì á béèrè ohun tí ìwé òfin wí. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n fi Kùránì wọ̀n ọ́n. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ló ní adájọ́ tirẹ̀ àti ìyà tirẹ̀, wọn kì í sì í sábà fẹnu kò síbì kan náà.

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ni xeer. Bíi h tó ti inú ọ̀fun wá ni wọ́n ń pe x iwájú rẹ̀. Òfin àdéhùn ni, kì í ṣe àṣẹ ọba, torí pé àwọn darandaran tó pọ̀ jù nínú ìran Sòmálì kò ní ọba kan tó ń pàṣẹ fún gbogbo wọn. Agbolé méjì tó bá ń mu omi kànga kan náà á jókòó lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún tó níbòòji, wọ́n á sì fẹnu kò lórí ohun tí ẹni tó bá ṣẹ ẹnì kejì máa san. Ìjókòó yẹn ni wọ́n ń pè ní shir. Ọkùnrin tó bá ti dàgbà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ sì lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, torí wọn kì í fi ìbò yanjú rẹ̀. Wọ́n á máa sọ ọ́ títí tí ìyókù á fi gbà. Àwọn obìnrin kì í sí níbẹ̀. Ìyẹn ò tíì yí padà tó bó ṣe yẹ, yóò sì tún yọjú nísàlẹ̀ níbí.

Ọkàn xeer ni mag, owó ẹ̀jẹ̀. Bí wọ́n bá pa ọkùnrin kan, ọgọ́rùn-ún ràkúnmí ni àṣà dá lé e. Bó bá jẹ́ obìnrin, àádọ́ta. Lónìí, owó ni wọ́n sábà máa ń kà sílẹ̀ dípò ẹran. Ohun tó yẹ kí òǹkàwé dì mú ni pé apànìyàn nìkan kọ́ ló ń san án. Agbolé rẹ̀ lápapọ̀, tó lè jẹ́ ọgọ́rùn-ún mélòó kan ọkùnrin tàbí ẹgbẹ̀rún mélòó kan, ló ń dá a jọ, agbolé ẹni tó kú ló sì ń gbà á. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan di gbèsè gbogbo ilé. Ìdí nìyí tí ọmọdé fi ń há abtirsi sórí, orúkọ bàbá, bàbá bàbá, títí dé ìran bíi ogún sẹ́yìn. Kò dà bí oríkì wa tó ń yinni tó sì ń múnú ẹni dùn. Orúkọ lásán ló tò tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n ibi tí orúkọ èèyàn méjì bá ti pàdé ni wọ́n á ti mọ ẹni tí wọ́n á jọ san gbèsè àti ẹni tí wọ́n lè dójú kọ ara wọn.

Ewì tún wà nínú ìjíròrò wọn, kì í sì í ṣe fún ìdárayá. Nínú gabay, oríṣi ewì wọn kan, ìró kan náà ló gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kan ó kéré tán ní ìlà kọ̀ọ̀kan láti orí dé òpin, ẹni tó bá sì fẹ́ fèsì sábà máa ń di ìró yẹn mú. Akéwì kan á bú ìjọba, òmíràn á gbèjà rẹ̀, ẹ̀kẹta á bú àwọn méjèèjì, gbogbo rẹ̀ á wá di ẹ̀wọ̀n ewì gígùn kan. Láyé Siad Barre, inú kásẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń gbà á sílẹ̀ tí wọ́n ń fi í ránṣẹ́ láti ọwọ́ dé ọwọ́, ìjọba sì tìtorí ewì sọ àwọn akéwì sẹ́wọ̀n.

Siad Barre yìí ni ológun tó gbàjọba ní oṣù Kẹwàá ọdún 1969, ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa Ààrẹ Abdirashid Ali Sharmarke. Ó kéde pé òun ti sin ìran-tèmi-ìran-tìrẹ, ó ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ béèrè ìran ẹlòmíì mọ́. Àwọn èèyàn dọ́gbọ́n sí i: wọ́n á ní "kí ni ìran rẹ tẹ́lẹ̀?" Nígbà tí ìjọba rẹ̀ wó ní oṣù Kíní 1991, ìran ló kù tí kálukú lè sá pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀, ogun ìran ló sì gba ìlú.

Láti inú ogun yẹn ni ètò 4.5 ti jáde. Ní ìpàdé àlàáfíà tó wáyé nílùú Arta ní Djibouti ní ọdún 2000, wọ́n pín àga ilé aṣòfin fún ìran mẹ́rin tí wọ́n kà sí ńlá ní dọ́gba-n-dọ́gba: Hawiye, Darod, Dir àti Digil-Mirifle. Gbogbo àwọn yòókù, títí kan àwọn àgbẹ̀ Bantu tó wà létí odò, àwọn ará Benadir tó ń gbé etíkun, àti àwọn ìdílé alágbẹ̀dẹ àti aláwọ, ni wọ́n fún ní ìdajì. Nínú ilé aṣòfin kékeré tó ní àga 275, ìran ńlá kọ̀ọ̀kan gba 61, àwọn "ìdajì" sì pín 31. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ó ti lé ní ogún ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìjíròrò nípa ìjíhìn fi máa ń gbóná tí kì í sì í so èso, ibí ni kó ti wo ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2012, àgbà 135 ló yan àwọn aṣòfin. Ní 2016 sí 2017, wọ́n sọ pé kí ọ̀rọ̀ gbòòrò sí i, ni àwọn àgbà bá yan aṣojú 51 fún àga kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 14,025. Ní 2021 sí 2022, wọ́n sọ ọ́ di 101. Àwọn aṣojú yìí ló dìbò fún aṣòfin, àwọn aṣòfin sì dìbò fún ààrẹ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún 2022, inú àgọ́ ọkọ̀ òfurufú kan tí wọ́n fi ògiri sìmẹ́ǹtì àti ọmọ ogun yí ká ni wọ́n ti fi ìbò 214 sí 110 dá Hassan Sheikh Mohamud padà sípò ààrẹ, tí Mohamed Abdullahi Mohamed tí wọ́n ń pè ní Farmaajo fi lọ. Ẹni tó ń ta tíì ní ojú pópó kò dìbò. Al-Shabaab, ẹgbẹ́ ajàjàgun ẹ̀sìn tó ń bá ìjọba jà, sì ń pa àwọn aṣojú àti àgbà tó bá kópa, tó fi jẹ́ pé ìbò tó kéré yẹn pàápàá gba ìgboyà.

Bí àga ṣe jẹ́ ti ìran yìí, ìran náà ló ń bójú tó o. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ mínísítà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Olùyẹ̀wé-owó àgbà lè kọ̀wé pé owó kan ò hàn nínú ìwé. Àwọn aṣòfin lè pè é kó wá ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìròyìn bá jáde, àwọn àgbà ìran rẹ̀ lè kó ara wọn jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí wọ́n sọ níwájú oníròyìn pé ọmọ àwọn ni wọ́n fẹ́ ṣe níkà. Ọ̀rọ̀ owó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìran. Bí wọ́n bá sì yọ ọ́, ará ilé rẹ̀ ni wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀, kí ìwọ̀n má bàa dà nù. Nígbà tí àwọn aṣòfin dìbò yọ olóòtú ìjọba, Hassan Ali Khaire, ní oṣù Keje 2020, 170 nínú 178 ló ní kó máa lọ. Ọmọ Hawiye ni, Hawiye náà ni wọ́n sì fi sípò rẹ̀, torí pé Darod ni Farmaajo tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà. Ìwé ìyọnípò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní mooshin, kò ṣọ̀wọ́n: ó gbé olóòtú ìjọba lọ ní 2013, ó tún gbé òmíràn lọ ní 2014. Ìjà ààrẹ àti olóòtú ló sì sábà máa ń wà nídìí rẹ̀ ju ọ̀rọ̀ owó ìlú lọ.

Àwọn tó ń béèrè ìwé owó ní pàtó, tí ohùn wọn sì ń dún, àwọn ayánilówó ilẹ̀ òkèèrè ni. Ohun tó ju ìdajì owó ìṣúná ìjọba àpapọ̀ lọ ni ìrànlọ́wọ́ láti òkèèrè máa ń kó, nítorí náà ni ìjọba fi ń tún ètò ìnáwó ṣe kí wọ́n lè fagi lé gbèsè. Ní oṣù Kejìlá 2023 ló bọ́ sí i: gbèsè bíi bílíọ̀nù 4.5 dọ́là kúrò lọ́rùn Sòmálíà. (4.5 míì nìyẹn.) Ìtẹ̀síwájú ni, ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìjọba tó ń jíhìn fún Washington kó tó jíhìn fún ọjà Bakaara ní Mogadishu ti gbé ẹrù náà lé ejìká òdì.

Ẹ̀sìn ni ìwọ̀n kan ṣoṣo tó kọjá ìran, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo ẹgbẹ́ fi ń dù ú. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ará Sòmálíà ni Mùsùlùmí Súnnì, ọ̀nà Ṣáfíì ni wọ́n ń tọ̀, nígbà tí Mùsùlùmí ilẹ̀ Yorùbá ń tọ ọ̀nà Málíkì. Tárìkà Kádíríyà tí àwọn àáfà Ìlọrin mọ̀ dáadáa wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ti gbó láàárín wọn. Ìwé òfin ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kẹjọ 2012 sọ ọ́ ní abala kejì pé Ìsìláàmù ni ẹ̀sìn orílẹ̀-èdè, pé wọn ò gbọdọ̀ polongo ẹ̀sìn míì, àti pé òfin tó bá tako ìpìlẹ̀ Ṣàríà kò lè dúró. Àríyànjiyàn ibẹ̀, nígbà náà, kì í ṣe bóyá kí Ṣàríà wà. Ta ló láṣẹ láti túmọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Ìbéèrè yẹn ti gbẹ̀mí rí. Ní oṣù Kíní 1975, Siad Barre kéde òfin ìdílé tó ní kí ọkùnrin àti obìnrin jogún ní dọ́gba. Àwọn àáfà dìde nínú mọ́ṣáláṣí láti tako ó, ìjọba sì yìnbọn pa mẹ́wàá nínú wọn. Ọ̀pọ̀ tó ń wo ìtàn ibẹ̀ gbà pé ọjọ́ yẹn ni òṣèlú ẹ̀sìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba kò sí mọ́ lẹ́yìn 1991, kóòtù Ṣàríà hù ládùúgbò kọ̀ọ̀kan ní Mogadishu. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìran ló ni kóòtù kọ̀ọ̀kan pàápàá. Àwọn oníṣòwò dá owó fún wọn torí wọ́n fẹ́ kí olè dín kù. Ní oṣù Kẹfà 2006, àwọn kóòtù náà dara pọ̀, wọ́n lé àwọn jagunjagun ìlú lọ. Kó tó di oṣù Kíní 2007, ọmọ ogun Etiópíà ti lé àwọn náà. Ọ̀kan nínú olórí wọn, Sharif Sheikh Ahmed, di ààrẹ ní 2009, ilé aṣòfin sì gba Ṣàríà wọlé lọ́dún yẹn. Al-Shabaab ní kò tó.

Láti ìgbà náà ni ìjọba àti Al-Shabaab ti ń fi ẹ̀sìn kan náà sọ̀kò síra wọn. Al-Shabaab ní aláìgbàgbọ́ ni ìjọba tó gba owó kèfèrí. Ìjọba ní Khawaarij ni wọ́n, ìyẹn àwọn tó ya kúrò láàárín Mùsùlùmí nígbà láéláé. Ní oṣù Kẹjọ 2022, ìjọba fi Mukhtar Robow, tó ti jẹ́ igbákejì olórí Al-Shabaab rí, ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ yẹn gbóná ní ilé tíì. Síbẹ̀, bí ilẹ̀ bá di ẹjọ́ láàárín ẹni méjì ní Mogadishu, àwọn kan máa ń yọ́ jáde lọ sí kóòtù Al-Shabaab lẹ́yìn ìlú, torí ẹjọ́ ibẹ̀ ń yá, ẹni tó bá jẹ̀bi ò sì láyà láti kọ̀. Ẹ̀sùn tó burú jù tí wọ́n lè fi kan kóòtù ìjọba nìyí.

Àwọn obìnrin ń lo ẹ̀sìn lọ́nà tí ará òkèèrè ò retí. Xeer kì í sábà fún ọmọbìnrin ní ràkúnmí tàbí ilẹ̀. Ṣàríà fún un ní ìpín. Xeer lè fi owó tàbí ìgbéyàwó parí ẹjọ́ ìfipábánilòpọ̀ láàárín agbolé méjì. Ọ̀pọ̀ àáfà ní Ìsìláàmù ò mọ irú ìparí bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó bá fẹ́ bá àwọn àgbà jà á gbé Kùránì dání. Ní ilé aṣòfin, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ṣèlérí fún wọn, kò sì pé ní 2016 tàbí ní 2022, torí pé ìran kọ̀ọ̀kan ló ń pinnu ẹni tó máa rán.

Ní àríwá, Somaliland tó kéde òmìnira ní oṣù Karùn-ún 1991 gba ọ̀nà míì. Wọn ò lé àwọn àgbà kúrò, wọ́n kó wọn sínú ìjọba. Ìpàdé Borama ní 1993 sọ Guurti, ìgbìmọ̀ àgbà ẹlẹ́ni 82, di ilé aṣòfin àgbà, nígbà tó yá, wọ́n sì jẹ́ kí ará ìlú dìbò yan ààrẹ. Ní 2003, ìbò 80 péré ni àjọ elétò ìdìbò kéde pé Ààrẹ Dahir Riyale Kahin fi ju Silanyo, alátakò rẹ̀, lọ. Ogun ò ṣẹ́. Silanyo lọ sí kóòtù, ó pàdánù níbẹ̀, ó dúró de ọdún 2010, ó sì wọlé.

Àmọ́ Guurti kò tíì gba ojú ìbò ará ìlú kọjá rí. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, ọmọ tàbí ìbátan rẹ̀ ló sábà máa ń jókòó sípò rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2022, wọ́n fi ọdún méjì kún sáà ààrẹ, wọ́n sì fi ọdún márùn-ún kún tiwọn.