Lẹ́ńsì Tuntun Ti Wọ Ojú, Bíbélì Ò Ṣeé Kà

Nígbà tí wọ́n bá ṣí ìdè ojú lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kátáráàtì, tí wọ́n fi ń yọ lẹ́ńsì inú ojú tó ti ṣú kí wọ́n lè fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àwọ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya èèyàn lẹ́nu. Aṣọ tí màmá rò pé ó ti pọ́n, àṣé funfun báláú ni. Lẹ́ńsì àtijọ́ inú ojú ló pọ́n rúsúrúsú, tó ń kun gbogbo nǹkan. Ayọ̀ gba ilé kan. Kò pẹ́, màmá gbé Bíbélì, lẹ́tà ń ṣe bàìbàì, kíá làwọn ẹbí ti gbà pé dókítà ba iṣẹ́ jẹ́.

Dókítà ò ba nǹkan jẹ́. Lẹ́ńsì tí wọ́n bí mọ́ni rọ̀. Nígbà èwe, ó ń ki tí èèyàn bá wo nǹkan ìtòsí, ó ń fẹ́lẹ́ tó bá wo ọ̀kánkán. Kí èèyàn tó pé ọgọ́ta ọdún ló ti gan, kátáráàtì ò tíì dé rárá. Èyí tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ ike tó mọ́ gaara, tí àárín rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 6, tó ní apá méjì tín-ín-rín tó fi há sínú àpò tí ti tẹ́lẹ̀ wà. Kì í ki, kì í fẹ́lẹ́. Bíi rédíò tí wọ́n lẹ bọ́tìnnì rẹ̀ mọ́ ìkànnì kan ni: ìkànnì yẹn á máa dún ketekete, ìyókù á máa hó ṣùùù.

Ibi tí wọ́n máa lẹ bọ́tìnnì yẹn mọ́, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà, ó sì ti parí kí abẹ tó kan ojú. Wọ́n á wọn bí ẹyinjú ṣe gùn tó láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ti àgbàlagbà sábà máa ń tó mìlímítà 23 sí 24. Tí ìwọ̀n yẹn bá fi mìlímítà 1 péré yẹ̀, nọ́ńbà awò tí ojú náà máa nílò á fi nǹkan bíi 2.5 sí 3 yẹ̀.

Harold Ridley, dókítà ojú tó kọ́kọ́ fi irú lẹ́ńsì yìí sójú èèyàn, ìyẹn obìnrin kan, ní Lọ́ńdọ̀nù ní November 1949, rí i bẹ́ẹ̀. Ó ti kíyè sí i pé ike fèrèsé ọkọ̀ òfuurufú tó fọ́ wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun kì í mú kó wú, ló bá fi ike ṣe lẹ́ńsì. Ó gbé e gba ìrísí lẹ́ńsì èèyàn, ṣùgbọ́n ike ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju ẹran ara lọ. Lẹ́ńsì náà dúró sójú obìnrin yẹn, àmọ́ ó lágbára jù, ọ̀kánkán ò hàn sí i láìsí awò tó nípọn.

Lẹ́ńsì olówó ńlá wà tó ń pín ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀nà méjì mẹ́ta, tó ń jẹ́ kí ìtòsí àti ọ̀kánkán hàn. Ó lè mú kí òrùka ìmọ́lẹ̀ yí iná mọ́tò ká lóru. Oníbùsọ̀ kan, ìyẹn èyí tó ń jẹ́ kí ibì kan ṣoṣo hàn kedere, ṣì dára fún ọ̀pọ̀ èèyàn, bí wọ́n bá ti bi wọ́n léèrè ṣáájú pé ibo lojú wọn ń ṣiṣẹ́ jù. Ọ̀kánkán ni wọ́n sábà máa ń yàn fúnni. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ láràárọ̀ lè ní kí wọ́n fi tòun sí ìtòsí, kóun máa wọ awò tóun bá ń jáde sí títì.